Yíyó Àlejò

Kútọnu ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ mí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Kútọnu rí títí di òní tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ará Kétu ni mí, lọ́dọ̀ àwa tí Faransé ṣèjọba lé lórí. Yorùbá ni mí bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́ Yorùbá. Àmọ́ bí mo bá lanu ní Ṣàgámù nígbà náà, àwọn èèyàn á di ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kọrin!" Kì í ṣe orin ni mò ń kọ o. Omi ni mo ní kí wọ́n bù fún mi mu.

Dọ́kàsì, ìyàwó mi, ló máa ń bá mi rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Òun á rántí aṣọ tí oníkálukú wọ̀, èmi á rántí orúkọ wọn. Ó ti fi mí sílẹ̀ báyìí, orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Àwọn ará ìjọ ń wá kí mi. Wọ́n á rọra wọlé, wọ́n á fajú ro, wọ́n á máa mí kanlẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rín ni mò ń pa mọ́ra. Bí mo bá ti rántí bí èmi àti obìnrin yẹn ṣe pàdé, inú mi á máa dùn ṣìnkìn bí ẹni pé àná ni, ẹ̀rín á bú lẹ́nu mi, Ṣadé ọmọ wa á sì sá wọlé wá wò mí bóyá orí mi ti dàrú. Orí mi ò dàrú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìgbà tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà ni mo dé. Ẹ wo nǹkan o: ní Kétu, inú ìgò ni wọ́n ń ta epo Nàìjíríà sí létí títì, ìgò lórí tábìlì, gálọ́ọ̀nù nílẹ̀, bí ẹni ń ta epo pupa. Mo ní lọ́kàn mi pé bí tiwa bá pọ̀ tó yìí, lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, inú gọ́tà ni yóò máa ṣàn sí. Mo dé Ṣàgámù, mo bá ọkọ̀ tí wọ́n tò gbọọrọ láti ilé epo lọ dé ibi tí ojú mi ò ká mọ́. Ọkùnrin kan sùn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tirẹ̀. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Epo," ó wí, kò tiẹ̀ ṣíjú.

"Epo? Ó kún Kétu o!"

Ó dìde jókòó, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé Kútọnu ni ẹ́? Ẹ̀yin lẹ jí i!"

Gbogbo ìlà ọkọ̀ yẹn bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gba orúkọ nìyẹn. Gáníyù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń wa. Kí epo tó kàn án, ó ti mọ̀ pé mò ń wáṣẹ́, ó ti mọ̀ pé mi ò níbi tí mo máa sùn sí, ó sì ti ní kí n wọlé jókòó sínú ọkọ̀.

Ilé ìyá rẹ̀ ló mú mi lọ. Ìyá Gáníyù dùn mọ́ èèyàn. Ó bú Gáníyù pé kò sọ fún òun pé àlejò ń bọ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ kan wá síwájú mi. Nǹkan pupa kan wà nínú abọ́ náà tó ṣe kókó-kókó, tó ń yọ̀, orí ẹja ń yọjú láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Mo dúpẹ́. Mo fọwọ́. Mo jókòó. Mo wá ń dúró kí wọ́n gbé òkèlè tí a máa fi jẹ ẹ́ dé.

Òkèlè ò dé. Ìyá Gáníyù ń wò mí, èmi náà ń wò ó, a jọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wa.

"Ọma mi, o ò jẹun?" Bí wọ́n ṣe máa ń pe ọmọ níbẹ̀ nìyẹn, ọma.

Kí ni kí n sọ? Kí n ní kí ó gbé ẹ̀bà wá? Mo ní, "Màmá, mo ti yó."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Mo yó bámúbámú."

Ó gbé abọ́ náà lọ! Bó ṣe gbé e lọ nìyẹn, gbogbo rẹ̀, tòórùn-tòórùn. Ìkòkòrẹ́ ni. Ewùrà ni wọ́n rin, ọbẹ̀ àti oúnjẹ ti wà pọ̀ nínú rẹ̀, kò nílò òkèlè kankan. Oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé yìí ni mo jókòó tì lọ́jọ́ náà, tí mo wò ó lójú, tí mo jẹ́ kó lọ.

Ọ̀gá Gáníyù ni Alájì Ràímì, olóbì ńlá ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù. Ó gbà mí síṣẹ́. Gbànja ni à ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á kó o dé láti oko tòun ti awọ funfun lára, àwa á rẹ ẹ́ sómi, a á bó o, a á ṣa èyí tí kòkòrò ti gbẹ́ kúrò, a á fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a á kó obì sí i, a á fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọ tuntun. Láti ibẹ̀, ó di Kánò. Ọwọ́ mi pọ́n, èékánná mi pọ́n, eyín mi pọ́n. Torí bí ebi bá ń pa wá lẹ́nu iṣẹ́, obì là ń jẹ. Bí èèyàn bá ti rún un lẹ́nu, ebi á sá lọ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé a yó o. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n da eérú bo iná ni. Ẹ̀yinná wà nísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wàsíù tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn lo tẹlifóònù. Màmá mi ò ní tẹlifóònù. Músíọ̀ Bàsílù, tó ń ta oògùn lójúde wa ní Kétu, ló ní. Màá pè é, á ní kí n gbé e sílẹ̀, á ránṣẹ́ pe Màmá, èmi á jókòó lórí bẹ́ǹṣì Wàsíù títí á fi tó àkókò, kí n tó tún un pè. Màmá gbà pé Nàìjíríà jìn, nítorí náà igbe ló máa ń ké.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

"Ṣé ò ń yó?"

"Mò ń yó dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"A yó! A yó débi pé a ń da oúnjẹ nù!"

Tẹlifóònù á já. Wàsíù, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, á ní, "Ìyá yín dùn o." Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi á padà sílé obì, obì á tún wọnú ẹnu mi. Mo mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù ní ilé wa. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì fi ń di ara wa mú nìyẹn, kí ọwọ́ má bàa já.

Ohun tó jẹ́ kí àárò ilé máa sọ mí ní Rẹ́mọ kì í ṣe pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ mi jù. Gbogbo ilé tí mo bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, "Kútọnu, wá jẹun!" Èmi á ní, "Ó á gba ibi ire." Wọ́n á tún pè mí, èmi á tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn. Ọmọlúàbí ni gbogbo wa, ebi sì ń pa mí.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Mojí dé ilé obì. Olùkọ́ ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìjọ àwọn tó ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́ dá sílẹ̀ lápá Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ Rẹ́mọ ni, àmọ́ ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé. Ó sọ fún Alájì pé òun ń wá àwọn èèyàn tí ara wọn dá, tí wọ́n á máa wá jẹun lọ́dọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Jẹun?" Gáníyù ló béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ jẹun."

"Kí la tún máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ẹ ó sọ fún mi bí ẹ ṣe yó tó."

Gáníyù yíjú sí mi. "Kútọnu, wọ bàtà. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run torí ẹ̀ dá mi ti dé."

Bí a ṣe lọ nìyẹn, èmi àti Gáníyù, Bàbá Tóbi tó ń ṣọ́ ilé obì, Rísí aránṣọ, Wọlé tó ń tún rédíò ṣe, àti àwọn mìíràn láti Likosi. Òfin méjì ni: a ò gbọ́dọ̀ jẹun títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ fi obì kan ẹnu. Èyí kejì ló nira fún wa. Gáníyù fi èyí tó wà nínú àpò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì bí ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀.

Dókítà kó wa jókòó, ó ṣàlàyé fún wa. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Gbogbo yín rò pé tí ikùn bá ti kún, òun ni yíyó. Ikùn ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà o, àmọ́ òun nìkan kọ́. Bí oúnjẹ bá ti ń bọ́ sínú ìfun, ìfun á tọ́ ọ wò. Bó bá ti mọ ohun tó jẹ́, á tú àwọn ońṣẹ́ kan sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́móònù la ń pè wọ́n. Wọ́n á lọ sọ fún ọpọlọ pé, 'Oúnjẹ ti dé, ó tó.' Wọ́n á tún sọ fún ikùn pé kó rọra máa tú ẹrù rẹ̀, kó má dà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà àti ẹyin àti epo ni èèyàn jẹ, àwọn ońṣẹ́ náà máa ń dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ olómi àti ṣúgà, tiwọn kì í pẹ́ tán. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí fún oúnjẹ tiwa níbí."

Rísí béèrè bóyá wọ́n máa gún wa lábẹ́rẹ́.

"Rárá. Ẹ̀rọ tó ń rí àwọn ońṣẹ́ yìí nínú ẹ̀jẹ̀, òkè òkun ló wà. Níbí, ẹnu yín ni ẹ̀rọ mi."

"Dókítà," Gáníyù wí, "ońṣẹ́ tèmi ò ní làákàyè. Mo lè jẹun tán, kí n tún tẹlòmíì jẹ, kó má tíì dé. Mo rò pé ó máa ń yà sí Simawa kí àbúrò ìyá rẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìkánjú lẹ fi ń jẹun, ẹ ò dúró dè é. Ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rò ó bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Èmi náà ti dé Rẹ́mọ. Ẹsẹ̀ mi ti dé, ọwọ́ mi ti dé, eyín mi ti pọ́n bíi tiwọn. Àmọ́ ońṣẹ́ tó yẹ kó lọ sọ fún ọkàn mi pé a ti dé, bóyá ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Bóyá ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti gbé àwo oúnjẹ wọlé. Ó ga, ó dúdú, ó wé gèlè kékeré kan tó ti ṣí, ó ń fi èjìká tì í sókè torí ọwọ́ rẹ̀ kún. Dókítà ní, "Arábìnrin Dọ́kàsì ló ń se oúnjẹ wa." Opó ni, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ó kí wa. Mo gbàgbé láti dáhùn.

Nígbà tí a jẹun tán, Dókítà fún oníkálukú ní ife àti jọ́ọ̀gì omi. "Bí ẹ ṣe yó tó, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ da omi sínú ife. Bó bá jẹ́ ìdajì lẹ yó, ẹ dà á dé ìdajì."

A dà á. Èmi da tèmi dé etí. Bàbá Tóbi dà á dé etí. Rísí dà á dé etí, ó tún fi díẹ̀ lé e. Tí Gáníyù kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ń ṣàn lórí tábìlì, ó sì ń dà á lọ. Dókítà dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n Gáníyù, ẹ̀kọ olómi lásán lẹ mu!"

"A yó o, Dókítà! Ọlọ́run á bù sí i fún yín!"

Sọ́ńdè kejì, ó fún wa ní ẹ̀wà àti ẹyin. Ife kún dé etí. Sọ́ńdè kẹta, ìdajì oúnjẹ ló fún wa. Ife kún dé etí. Ó wá ní kò burú, òun ò ní béèrè mọ́, kí a kàn jẹun títí ó fi tó wa, òun á wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú abọ́. Gbogbo wa pátá, láìbá ara wa sọ ọ́, ni a fi àjẹkù sílẹ̀ fún ọmọ tó máa palẹ̀ abọ́ mọ́, ìwọ̀nba kan náà, níbì kan náà nínú abọ́. Ọmọ kankan ò sí níbẹ̀ o. Dọ́kàsì ló ń palẹ̀ abọ́ mọ́.

Dókítà to àwọn abọ́ náà síwájú ara rẹ̀, ó wò wọ́n, ó wò wá, ó fi ọwọ́ lérí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mo ti pẹ́ lọ́hùn-ún jù. Ìyá mi ì bá lù mí bí mo bá sọ nílé onílé pé mi ò yó. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀ ń ṣe àlejò fún mi!"

Mo ran Dọ́kàsì lọ́wọ́ kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fi pákò fọ eyín mi títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kó má bàa rí obì. Ó rí obì.

"Obì ń parọ́ fún ikùn," ó wí. Àwọn ará ìjọ wọn kì í jẹ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ife yín tó máa ń kún yẹn, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Mo yó, Arábìnrin."

"Yíyó àlejò nìyẹn. Yíyó àlejò wà, yíyó onílé wà. Ẹni tó bá yó yíyó àlejò, bó bá ti dé kọ̀rọ̀, ẹ̀pà ni á máa wá." Ó wo àpò mi. Ẹ̀pà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rà á sílẹ̀ de ọ̀nà àbọ̀.

A rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ni mo máa ń bá a kó abọ́. Gáníyù sọ pé òun ò rí ẹni tó fẹ́ràn abọ́ tó mi rí. Mo sọ fún Dọ́kàsì nípa Kétu, nípa Màmá, nípa Músíọ̀ Bàsílù. Òun sọ fún mi nípa Ṣadé ọmọ rẹ̀, àti nípa ọkọ rẹ̀ tó kú, Àyìndé.

"Ènìyàn dáadáa ni Àyìndé," ó wí. "Kì í dí èèyàn lọ́wọ́. Bí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní kò sí nǹkan kan. Inú ń run ún, kò sí nǹkan kan. Kò lè jẹun, kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan yẹn ló gbé e lọ." Ó da omi ìfọbọ́ nù. "Mi ò tún lè bá ọkùnrin tó ń ṣe àlejò nínú ilé mi gbé. Bí mo bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, kó sọ ọ́."

Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ó gbé àwo àkàrà tó ṣẹ́ kù síwájú mi. "Ṣé ebi ń pa yín?"

Ẹnu mi, ẹnu tí ìyá mi tọ́, ní, "Rárá o, mo ti yó."

Ó bo àkàrà náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alájì Ràímì pè mí. Ó ní òun rí i pé mo ṣe é gbọ́kàn lé. Òun fẹ́ kí n bá obì lọ sí Kánò, kí n máa gbé ibẹ̀, kí n máa bá òun bójú tó ọjà. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ gbọ́ èsì. Bí o bá ní ohun tó dá ọ dúró ní Rẹ́mọ, sọ ọ́. Bí o ò bá ní, ọkọ̀ ń lọ." Ohun tó lè dá mi dúró ń fọ abọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ti bo àkàrà rẹ̀.

Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè náà ni ìkẹ́yìn fún ìdánwò Dókítà. Ó fún àwọn kan lára wa ní ẹ̀kọ àti ṣúgà, ó fún àwa yòókù ní ẹ̀wà àti ẹyin, epo ń yọ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó wa wọ yàrá ńlá kan. Ìkòkò kan wà lórí tábìlì ní ìpẹ̀kun yàrá, wọ́n dé e. Òórùn rẹ̀ ti sọ fún wa. Ìkòkòrẹ́ ni.

"Ẹ máa ṣeré yín," Dókítà wí. "Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Bí ebi bá tún ti pa ẹnikẹ́ni, kó dìde, kó bù ú." Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Nínú ilé onílé, ta ló máa dìde ṣí ìkòkò? A jókòó. A sọ̀rọ̀ òjò. A sọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Ikùn Bàbá Tóbi, tó mu ẹ̀kọ, ké bí ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo wa wòkè. Gáníyù yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé, "Ońṣẹ́ rẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn." Rísí ń gbé itọ́ mì. Kò sẹ́ni tó mira. Mo rí i tí ojú Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì.

Ibẹ̀ ni Dọ́kàsì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ṣíbí ọbẹ̀ ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ nípa Kánò. Gáníyù ti sọ fún un, Gáníyù kì í pa nǹkan mọ́. Kò wo ẹlòmíràn. Èmi ló wò.

"Ta ni ebi ń pa níbí?"

Mo dìde.

"Èmi."

Dókítà fò dìde. "Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ̀wà! Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹyin àti epo! Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kẹ́yìn gbogbo wọn!"

"Dókítà, ẹ má bínú. Àwọn ońṣẹ́ yín ti dé, wọ́n ti jíṣẹ́, ikùn mi ti gbọ́. Àmọ́ ebi ń pa mí. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ni ebi ti ń pa mí. Ebi pa mí ní Ṣàgámù, ebi pa mí nílé Ìyá Gáníyù..."

"Nílé ìyá mi?" Gáníyù pariwo.

"Mo rò pé ọbẹ̀ ni ìkòkòrẹ́! Mò ń dúró de òkèlè!"

Ilé bú. Rísí bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Wọlé ń fi ọwọ́ lu ògiri. Èmi ò lè dúró mọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́nu èèyàn, ó ti tú náà nìyẹn. "Arábìnrin Dọ́kàsì, mi ò fẹ́ lọ sí Kánò. Ẹ bù fún mi. Ẹ bù ú kó pọ̀."

Ó rìn lọ sídìí ìkòkò, ó ṣí i, ó bù ú kún abọ́, ó tún fi ẹja lé e. Gèlè rẹ̀ ti ṣí, kò sì tún un ṣe. Ó gbé e síwájú mi, ó dúró tì mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi ẹ̀yin pè mí.

"Ṣé o yó?"

"Kò tíì tó," mo wí, pẹ̀lú ẹnu tó kún.

"O ṣeun," ó wí, ó sì tún un bù.

Bàbá Tóbi ti dìde lẹ́yìn mi. Gbogbo àwọn tó mu ẹ̀kọ ló tẹ̀ lé e, wọ́n ń ti ara wọn. Àwọn tó jẹ ẹ̀wà ò dìde títí ó fi pẹ́ gan-an, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ń fò sókè, ó ń gbá wa mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìkòkò mọ́ra. Àmọ́ ó yọ èmi kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Ẹ máà bínú," ó wí, "ebi tiyín yẹn, mi ò kọ́ ọ nílé-ìwé."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún Alájì pé mi ò lọ. Ó ní kí ló dá mi dúró. Mo ní ebi. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, Gáníyù ló sì rán lọ sí Kánò. Ó sanra níbẹ̀ débi pé nígbà tó wá kí wa, ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé.

Mo lọ pe Màmá. Wàsíù fún mi ní àga rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, torí pé Gáníyù ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún òun náà kó tó gbéra.

"Ṣé ò ń yó?" Màmá ké.

"Rárá, Màmá. Ebi ń pa mí níbí."

Mo rò pé tẹlifóònù ti já. Mo wá gbọ́ tí ó ń kígbe sí Músíọ̀ Bàsílù pé, "Ó ti rí ìyàwó! Ó ti rí ìyàwó o!"

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọkùnrin tó ti dàgbà tó ń kébi, ó ti rí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Ta ni? Ọmọ ta ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wá ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ ń yó?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò ké mọ́, bí ẹni pé mo ti sún mọ́ ọn. "Gàrí la mu lánàá," ó wí. "Kò tó."

Inú mi dùn, ẹ dárí jì mí, inú mi dùn débi pé mo fò sókè lórí àga Wàsíù. Láti ọjọ́ náà, mo mọ ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé àti ìdí tí mo fi ń fi í ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà náà ni mo ti di ará Rẹ́mọ, kì í ṣe ọjọ́ tí mo dé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti Dọ́kàsì fi jẹun pọ̀. Ó kọ́ mi láti ka Bíbélì ní Yorùbá, òun ló jẹ́ kí n lè kọ èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun yó nílé wa, ìbéèrè kan náà la máa ń bi í: ti àlejò ni, àbí ti onílé? Ṣadé dàgbà sínú rẹ̀, ó rò pé gbogbo ayé ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àìsàn Dọ́kàsì dé, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Mo ra ewùrà, mo rin ín fúnra mi, mo se ìkòkòrẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Mo gbé e jókòó, mo ń fi ṣíbí fún un. Ó jẹ ìwọ̀nba tí ẹyẹ lè jẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ti yó."

Mo ní, "Dọ́kàsì, ti àlejò ni, àbí ti onílé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín orí odó yẹn gan-an ni, ó kàn ti kéré ni. Ó na ọwọ́ sí ife àti jọ́ọ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bá a di jọ́ọ̀gì mú. Ó rọra da omi sínú ife, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wọn oògùn, ó wá dá ọwọ́ mi dúró kí omi tó dé etí. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù lókè.

"Ti onílé ni," ó wí.

Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu ún tán.